AFÉÈRÍ KÌ Í ṢE ÀWÁTÌ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kánò, níbi ìfilọ́lẹ̀ owó gbọ̀ngàn àti ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa

  

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ọjọ́ òní ní kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa, èyí tí àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú yìí ń gbọ́ lẹ́nu àgbà tí wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni aféèrí. Ohun tí ó fà á kò ju èyí lọ. Ní ìpàdé wa kan, akápò ka orúkọ àwọn tí ó jẹ owó oṣù, ó dé orí ẹnìkan, ó ní, "Ní ti èyí, ó ti lo aféèrí fún wa." Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ kan dìde, ó ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni ó dá a lóhùn, ìtumọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì fún un. Nígbà náà ni wọ́n ní kí àwa wá là á yéni lónìí.

Kí ẹni tí ó ń retí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé fi orí jì wá. Ìwé mẹ́fà ni a kà. Aṣọ ni a ń tà ní Kantin Kwari, ọjà ni ó sì kọ́ wa ní ìyókù.

Kí ni aféèrí? Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, oògùn ni. Ẹni tí ó bá lò ó yóò wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wà nílẹ̀, yóò máa mí, ṣùgbọ́n ojú kò ní rí i. Ọdẹ àti jagunjagun ni ó sábà máa ń ní in. Bí ẹfọ̀n bá kọjú sí ọdẹ, tí ìbọn kọ̀ tí kò dún, wọ́n ní aféèrí ni ọdẹ máa ń sá sí. Àwọn Hausa tí a ń bá gbé náà ní irú rẹ̀, layar zana ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ nílùú yìí yóò ti gbọ́ ọ rí. Bóyá ó ń jẹ́ tàbí kò jẹ́, a kò wá síbí fún ìyẹn. Ààfáà wà níjókòó, pásítọ̀ wà níjókòó, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú jáde kí ìfilọ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè ni a ń sọ.

Àwọn bàbá wa kì í da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Wọ́n ní aféèrí, wọ́n ní ìṣújú, wọ́n ní egbé, wọ́n ní àwátì. Àlejò èdè lè rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, nítorí pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú kò rí ẹni tí a ń wá. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú aféèrí, ara ẹni tí ó lò ó ni ó di àìrí. Nínú ìṣújú, kò sí ohun tí ó ṣe ara ẹni. Ojú ẹni tí ó ń wò ni ó ṣú. Nínú egbé, onítọ̀hún kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá, ó ti gbé e dé ilé kí ọ̀tá tó ṣẹ́jú. (Lóde òní, ọkọ̀ èrò tí ń ti Kánò lọ sí Ìbàdàn ni egbé tiwa, bí táyà kò bá fọ́ lọ́nà.) Àwátì ní tirẹ̀ kì í ṣe oògùn. Ẹ gbọ́ bí ó ti dún lẹ́nu: wá, tì. A wá a, ó tì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin aféèrí àti àwátì ni kókó ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹni tí ó lo aféèrí mọ ibi tí òun wà, ó sì mọ bí òun yóò ṣe padà di rírí. Ẹni tí ó di àwátì, bóyá òun náà kò mọ̀ pé a ń wá òun.

Ẹ tún gbọ́ bí a ti ń lò ó nínú ọjà. Oníbàárà tí ó gba aṣọ àwìn ṣáájú Iléyá, tí ó wá ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá nígbà tí Iléyá ti lọ, a ó ní ó ti lo aféèrí fún wa. Alájọ tí ó kó owó ọlọ́wọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn pa, ó ti lo aféèrí fún àwọn tí ń dá ajọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "fún". Ẹnìkan ni a ń lo aféèrí fún. A kì í lò ó fún gbogbo ayé. Oníṣòwò tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ èyí dájú. Bí onígbèsè bá lọ, a kì í wá a kiri ọjà, ilé ìyá rẹ̀ ni a ń lọ. Kò sí onígbèsè tí ìyá rẹ̀ kò mọ ibi tí ó wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó sún mọ́ ọn: "a fẹ́ ẹ kù." Bí a bá péjọ tí a wo àyíká tí ẹnìkan kò sí, a ó ní a fẹ́ ẹ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò mọ̀ kò ṣeé fẹ́ kù. Kí a tó lè sọ pé ẹnìkan kò sí, a ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú pé ó wà.

Òwe tí àwọn àgbà fi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ ọ́n: Aféèrí kan kò ju ká rí igbó ńlá bọ́ sí lọ, ẹbọ kan kò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé òwe méjì ni, pé ẹnìkan kàn so wọ́n pọ̀ ni. Ó dìgbà tí a dàgbà ní ilẹ̀ àjò kí a tó mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Igbó ńlá àlejò ni ènìyàn.

Ní July 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa ní Ṣàgámù. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìròyìn náà fi dé Kánò, àwa tí a kò mọ ọ̀nà Ṣàgámù ni a sì fi orí gbà á. Àgbàlagbà Hausa kan ni ó ni ilé tí a háyà nígbà náà. Owó ilé ni ó ń mú wa ríra, kò mọ orúkọ bàbá wa. Ó kó ilé mẹ́rin nínú wa wọ àgbàlá ìyàwó rẹ̀, níbi tí ọkùnrin àjèjì kì í dé, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sí zaure, ìyẹn yàrá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin dé, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé òun bí kò ṣe ìdílé òun. Òru méjì ni a lò níbẹ̀. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ń bu tùwó fún àwọn ọmọ wa, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu bí wọ́n bá fẹ́ ké. Igbó ńlá tiwa nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé gbogbo wọn ni ó rí bákan náà, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́. A jáde, ìlú ti ń rọlẹ̀, iṣẹ́ tí ó kù fún wa ni láti mọ ẹni tí ó wà àti ẹni tí kò sí. Kò sí ìwé kankan. Ẹnu ni a fi ń ka ara wa ní ìkóríta. "Ẹ rí Ìyá Alákàrà?" A rí i. "Ẹ rí ọkọ rẹ̀?" A rí i. "Ọmọkùnrin tí ń lẹ táyà ńkọ́?" Ẹnìkan ní ó ti wọ ọkọ̀ lọ sílé lóru. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe òun ni ó wọ ọkọ̀. Kí ni orúkọ rẹ̀? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ọmọ ìlú wo ni? Ẹnìkan ní Ìwó, ẹnìkan ní Ìkirè. Títí di òní tí a wà yìí, a kò mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà ń lẹ táyà níbòmíràn tàbí kò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ìjọba bá bi wá ní ọjọ́ náà pé ènìyàn mélòó ni a fẹ́ kù, kò sí èsì lẹ́nu wa.

Kì í ṣe bí ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, nígbà tí ó sì fi máa di 1912 ó ti ń gbé èrò àti ẹ̀pà ní Kánò. Àwọn bàbá wa bá a wá pẹ̀lú obì, pẹ̀lú aṣọ òkè, pẹ̀lú iṣẹ́ télọ̀ àti iṣẹ́ kíláàkì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi ìlú, wọ́n ya Sábón Gàrí, ìlú tuntun, sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ nígbà náà, ojú rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là. Pélé wà, gọ̀ǹbọ́ wà, àbàjà wà. Bí kò tilẹ̀ mọ ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó bá rí ilà rẹ̀ yóò mú un lọ sí ilé àwọn ènìyàn rẹ̀. Ojú ni ìwé ìdánimọ̀.

Ilà ti ń lọ. Àwọn tí ó ní in láàrin wa lónìí, orí wọn ti funfun. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 tilẹ̀ ka ilà sí èèwọ̀ lára ọmọ, a kò sì wá síbí láti sọ pé kí á padà sí i. Ó dun àwa tí wọ́n kọ fún. Ohun tí a ń béèrè ni ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti ẹnìkan. Bàbá kan ń tún aago ṣe ní ẹnu ọ̀nà ọjà Sábón Gàrí. Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú dígí kékeré lójú ọ̀tún, àti àpótí onígíláàsì níwájú. Bàbá Aago ni gbogbo wa ń pè é. Tí ẹ bá fún un ní aago láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ó ti ń lọ. Kì í sì í gba owó bátìrì lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé. Ó kú ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ pé ọmọ Yorùbá kan kú, kí á wá gbé òkú wa.

A dé ibẹ̀, wọ́n bi wá ní orúkọ rẹ̀, a wo ojú ara wa. Àbàjà mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn ọlọ́yọ̀ọ́ fẹ̀. A pe Ìbàdàn, a pe Ògbómọ̀ṣọ́, a pe Ṣakí, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ó tún ku ọ̀kan tí ó le jù: Mùsùlùmí ni, àbí Onígbàgbọ́? A ṣí àpótí rẹ̀. A bá tẹ̀sùbáà níbẹ̀, a sì bá Bíbélì kékeré kan, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà lè ti gbàgbé ọ̀kan nínú méjèèjì sọ́dọ̀ rẹ̀. A dúró lórí òkú, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn obìnrin kan tí ń ta ata ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní òun rántí pé ní ọ̀sán Jímọ̀, ó máa ń bo àpótí náà ní aṣọ. Ọ̀rọ̀ aláta yìí ni a gbà, àwọn ààfáà wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn èyí, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú fọ́tò àtijọ́. Ó ti wá a ní Kàdúná, ó ti wá a ní Zaria. Àbúrò rẹ̀ ni. Bàbá wọn ni ó kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọn kò sì fẹ́ pín ilé láìsí àkọ́bí. Orúkọ tí ó pè bàbá náà, kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó gbọ́ ọ rí. Mùsùlùmí ni lóòótọ́, aláta kò ṣìnà. A mú àbúrò náà lọ sí ojú oórì. Ó dúró, ó béèrè lọ́wọ́ wa pé, "Ṣé ẹ̀yin ń rí i?" A ní lójoojúmọ́ ni a ń rí i. Ó ní, "Àwátì ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wa."

Ẹ wò ó, ọkùnrin náà kò lo aféèrí fún ẹnikẹ́ni. Kò jẹ gbèsè, kò sá fún ìjà. Àárín ọjà ni ó jókòó sí, níbi tí ènìyàn ọgọ́rùn-ún ti ń kọjá kí agogo mẹ́jọ tó lù. A rí i, a kò mọ̀ ọ́n. Ilé mọ̀ ọ́n, wọn kò rí i.

Bí ó ti ń ṣe ẹnìkan bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe gbogbo wa pọ̀. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1963, wọ́n béèrè ẹ̀yà olúkúlùkù. Ní 1991 àti ní 2006, wọn kò béèrè rẹ̀ mọ́, nítorí rògbòdìyàn tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń dá sílẹ̀, a kò sì dá wọn lẹ́bi. Ìkànìyàn 2006 ní ènìyàn 9,401,288 wà ní ìpínlẹ̀ Kánò. Àwa wà nínú wọn. Mélòó ni wá? Ìwé ìjọba kò lè sọ. Bí a bá lọ bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ ìsìnkú tàbí olùkọ́ èdè Yorùbá, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ẹ̀yin mélòó?"

Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa fẹ́ wọ yunifásítì. Sábón Gàrí ni a bí i sí, ibẹ̀ ni ó ti kàwé, Hausa tí ó ń sọ dùn ju tiwa lọ. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú wá. Ó lọ sí ọ́fíìsì kan níhìn-ín, wọ́n ní kí ó lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sílé, ìrìn odindi ọjọ́ kan. Akọ̀wé tí ó wà lórí tábìlì béèrè pé, agbo ilé wo? Bàbá dárúkọ rẹ̀. Ta ni baálé yín báyìí? Kò mọ̀. Ta ni ẹ mọ̀ níbẹ̀? Àwọn tí ó mọ̀ ti kú. Akọ̀wé ní kò sí ohun tí òun lè ṣe, ó ní ẹnikẹ́ni lè wá láti ojú ọ̀nà kí ó dárúkọ agbo ilé. Ọmọ náà kò fi ara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ará. Ìṣújú ni èyí. Ojú tábìlì méjèèjì ni ó ṣú. Ẹni tí ó là á lójú ni bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ilé ìyá rẹ̀ wà ní agbo ilé kan náà. Òun ni ó kọ lẹ́tà, tí ó sì pe baálé lórí fóònù. Bàbá àgbà náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí yóò kọ lẹ́tà fún ọmọ tí yóò dé lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tí ó ti Gánà dé mọ ohun tí à ń wí. Ní November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí ó kúrò nílùú. Àwọn Yorùbá kún ọjà Kumasi àti Tamale nígbà náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Ìnísà. Àwọn mìíràn nínú wọn, Gánà ni a ti bí wọn. Ọjà rí wọn, oníbàárà rí wọn, ìwé kò rí wọn. Ẹni tí ilé mọ̀, tí ó ti ń fi owó ránṣẹ́, tí ó ti ń wá síbi ìsìnkú, ó délé ó rí yàrá wọ̀. Ẹni tí ilé kò mọ̀ mọ́ sùn sí gáréèjì ní ìlú bàbá rẹ̀. Kí á má sì gbàgbé pé ní January 1983, orílẹ̀-èdè tiwa náà lé àwọn ará Gánà bákan náà. Kò sí ẹni tí ó kọjá àṣẹ ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn tí ó mọ bí a ti ń ṣe é, ẹ wo àwọn Hausa tí ó wà lọ́dọ̀ wa nílé. Láti 1916 ni Sábó Ìbàdàn ti wà. Hausa tí ó bá kó màlúù dé ibẹ̀, mai gida rẹ̀ ni yóò lọ bá. Onílé náà yóò fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, yóò bá a ta màlúù, yóò dúró fún un lọ́wọ́ ẹni tí ó rajà àwìn. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìlú rẹ̀, ó mọ ẹni tí ó yẹ kí òun ránṣẹ́ sí bí àìsàn bá dé. Àwa ń rí èyí bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, a sì wá sí ilẹ̀ tiwọn láti máa gbé bí ẹni tí kò ní onílé.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ní ìwé orúkọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan nínú yín, a ti gbọ́. Wọ́n ní bí ìjà bá tún dé, tí ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi, ilé olúkúlùkù ni wọ́n á máa kàn. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni, a kò fi ṣẹ̀sín; àwa tí a sùn ní àgbàlá onílàgbàlá ní 1999 ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Nítorí náà, orúkọ kankan nínú ìwé náà kò jáde nínú ìwé ìrántí yìí, kò sì ní jáde níbikíbi. Ẹ̀dà méjì ni ó wà. Ọ̀kan wà nínú àpótí onírin tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé kí ó tó ṣí. Èkejì kò sí ní Kánò rárá. Kí ojú ọ̀tá má rí wa, kí ojú ará wa rí wa: bí ó ti yẹ kí aféèrí máa ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ilé gan-an ni wọ́n lo aféèrí fún. A mọ̀ wọ́n. Ìjà ogún, ìjà orogún, ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ níta. A kò ní béèrè ìdí. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní láti kọ agbo ilé rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo láyé yìí tí òun fẹ́ kí á pè, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ọmọ, kí ó fi sínú àpòòwé, kí ó lẹ̀ ẹ́ pa. A kò ní ṣí i àfi bí ó bá di dandan. Ẹgbẹ́ kò ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni fún ará ilé rẹ̀.

Ohun tí a ń kọ kò pọ̀. Orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́, kì í ṣe Ìyá Alákàrà, kì í ṣe Bàbá Aago. Ìlú àti agbo ilé. Ẹ̀sìn, kí á má tún jà lórí òkú. Àdúgbò tí ó ń gbé níhìn-ín. Orúkọ àwọn ọmọ àti ọdún tí a bí wọn. Ẹni tí a ó kọ́kọ́ pè, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kò sí owó lórí rẹ̀, kò sì sí pé ẹni tí ó jẹ owó oṣù kò lè forúkọ sílẹ̀. Akápò ti gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ẹ̀rín gbà á.

Akọ̀wé àti àwọn ọmọ mẹ́rin tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dára jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà báyìí, ní ọwọ́ òsì bí ẹ bá ń lọ síbi oúnjẹ. Wọn yóò wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọn yóò sì tún wà ní ibi ìpàdé ẹgbẹ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ní aládùúgbò tí kò lè jáde, arúgbó tàbí aláìsàn, kí ó fún wọn ní àdírẹ́sì rẹ̀, wọn yóò lọ bá a nílé.